Ẹnu Karùn-ún Kí Ọyẹ́ Tó Dé

Olùgbọ́ ti gba ìwé mẹ́rin lẹ́nu mi kí fóònù tó ké lápò mi.

Mo dúró níwájú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Àká Ìwé, mo fi ọwọ́ kan di òpó mú nítorí orúnkún mi. Ìwé oko ni mo kọ́kọ́ pè, èyí tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú èbù iṣu kí ooru má baà sè é mọ́lẹ̀.

"Kí ló ṣe fún ọ?" ni Olùgbọ́ bi mí.

Ẹ̀rọ yìí kì í bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n sọ ni o, arúgbó bíi tèmi ni o, "ọ" náà ni. Mo ní ìwé yìí ló jẹ́ ká rí iṣu jẹ lọ́dún tí ilẹ̀ gbóná tó fi ń rú èéfín. Iná ojú rẹ̀ di àwọ̀ ewé. Ó gbà á.

Mo pe ìwé ẹ̀rín, ti agbowó-orí tó wa ọkọ̀ lọ gba owó orí lọ́wọ́ àwọn tí ilé wọn ti rì. Mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ fi òrí pa ètè ná, nítorí èmi àti ọmọ ọmọ mi gbọ́ ọ nínú ọyẹ́ tó kọjá, a rẹ́rìn-ín títí ètè wa fi là. Ó gbà á. Mo pe ìwé ewì kan tí kò sọ ju ọ̀rọ̀ ìrì lọ; mo ní òwúrọ̀ kùtù ló dáa, nígbà tí ọ̀fun bá gbẹ tí omi inú ìkòkò sì tutù bíi yìnyín. Mo pe ìwé ìtàn ìlú, ti bí a ṣe gun Òkè Ìsádi wá pẹ̀lú ẹrù lórí nígbà tí ọ̀sà gba ilé wa. Mo ní ó ń bá mi rántí orúkọ àwọn tó ṣubú lọ́nà. Gbogbo rẹ̀ ló gbà.

Ó wá ku ẹnu kan nínú márùn-ún tí agbo ilé wa ní. Ìwé Dékẹ́mi, ọmọ mi, ni mo fẹ́ fi pè.

Ìgbà yẹn ni fóònù ké.

"Màmá?" Ìbídùn ni, ọmọ tí Dékẹ́mi fi sílẹ̀ fún mi. Ilé ìgbẹ̀bí ló ti ń pè mí, ó ń mí bí ẹni tó ru igi gun òkè. "Ṣé ẹ ti pè é tán?"

"Ó ku ẹyọ kan. Kí ló dé? Ṣé ìrọbí ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Rárá. Ọmọ náà ló tún dábùú. Ẹ̀rọ agbẹ̀bí ibí yìí yí i láàárọ̀, orí rẹ̀ wálẹ̀, a ń dúpẹ́, ó tún padà. Nọ́ọ̀sì ní kí ara mi sinmi di ọ̀la kí wọ́n tó tún un yí. Àmọ́, Màmá, ẹ̀rọ náà ní tó bá dọ̀la òun ò ní mọ̀ ọ́n yí mọ́."

"Ẹ̀rọ gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ ni?"

"Ìwé tó fi ń yí ọmọ ni. Ó ní kò sẹ́ni tó pè é lọ́dún yìí. Bí oòrùn bá ti wọ̀ báyìí, ó parẹ́ nìyẹn."

"Irọ́ ni! Ọdọọdún ni wọ́n ń pe ìwé yẹn."

"Ta ló ń pè é, Màmá?"

Ìyá Sọpẹ́ ló ń pè é, agbẹ̀bí àtijọ́, ti agbo ilé Ìdí Kànga. Ìyá Sọpẹ́ sì kú nígbà òjò ọdún yìí. A lọ síbi òkú rẹ̀. A sọkún, a jẹun, a yọ bàtà kúrò nínú ẹrẹ̀, a padà sílé. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó béèrè pé ta ni yóò máa pe ìwé rẹ̀. Ìdí Kànga rò pé Òkè Ọjà á pè é, Òkè Ọjà rò pé ilé ìgbẹ̀bí á pè é. Ilé ìgbẹ̀bí kì í ṣe agbo ilé, kò ní ẹnu.

"Ẹ má bínú, Màmá," ni Ìbídùn wí. "Mo mọ èyí tó kù tí ẹ fẹ́ pè. Mo kàn ní kí n sọ fún yín ni."

Ó pa fóònù. Ó pa á kíákíá kí n má baà gbọ́ ẹkún.

Bàbá Lájídé, tó wá pe ti Òkè Ọjà, wà lẹ́yìn mi, òun ló kẹ́yìn. Kò gbọ́ ohun tí a sọ. "Ìyá Dékẹ́mi," ló ní, "oòrùn ò ní dúró dè wá o. Àbí ẹ ti fẹ́ fi ẹ̀rọ yìí ṣe ọkọ ni?"

Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, ǹ bá dá a lóhùn pé ẹ̀rọ yìí ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ fún un, ó fi ìyẹn sàn ju ọkùnrin lọ. Mo yíjú sí i lásán. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Túnráyọ̀ ni mo pè, ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà Àká. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n bí i. "Túnráyọ̀, bá mi yọ ìwé ẹ̀rín yẹn jáde. Kí n fi òmíràn rọ́pò."

Ó wo ilẹ̀. "Màmá, ohun tó bá ti wọlé kì í jáde mọ́."

"Ta ló ṣe òfin burúkú yẹn?"

"Ẹ wà lára àwọn tó ṣe é, Màmá."

Òótọ́ ni. Mo wà níbẹ̀. Odò tó ń yí ẹ̀rọ iná wa máa ń fà bí ọyẹ́ bá ti dé, Àká ò sì lè pa gbogbo ìwé mọ́ títí di òjò. Àwọn tí ìlú bá pè nìkan ló ń pa mọ́, ìyókù a parẹ́. Ọdún kan wà tí gbogbo wa pe ìwé ìfẹ́. Gbogbo ìlú! Kálukú rò pé ẹlòmíràn á pe ti kànga gbígbẹ́. Ìwé kànga parẹ́, kànga dí, òùngbẹ pa ọmọdé. Lẹ́yìn ìyẹn la wá ní kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan máa pe márùn-ún, oríṣi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó dà pọ̀. A sì ní kí ẹnikẹ́ni má pààrọ̀, torí pé àwọn èèyàn ń pe ìwé kànga lójú ayé, wọ́n tún ń yọ́ padà wá fi ìwé ìfẹ́ rọ́pò rẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́ sí òfin yẹn. Mo pàtẹ́wọ́ dáadáa.

Mo wá sọ fún Bàbá Lájídé. Mo wá bi í: "Ẹ ṣì ní ẹnu?"

"Ó ku ẹyọ kan, láàárọ̀ ni mo ti pe mẹ́rin. Ìwé àwọn ọlọ́pọ́n ayò ni mo fẹ́ fi pè, ẹ mọ̀ mí."

"Ẹ bá mi pe ti ọmọ tó dábùú. Ẹ jọ̀ọ́."

"Kí n ní ó ṣe kí ni fún mi? Ìyá Dékẹ́mi, ẹ̀rọ yìí ń gbọ́ irọ́ nínú èémí èèyàn. Mo purọ́ fún un lọ́jọ́ kan, mo ní mo ti gbọ́ ìwé oyin kan tán, ó pa ẹnu mi dé, gbogbo márààrún jábọ́. Ìwé omi sísẹ́ wà nínú tèmi lónìí. Bí ó bá jábọ́, gbogbo Òkè Ọjà ni yóò mu ẹrẹ̀."

"Ẹ pe ti Dékẹ́mi fún mi nígbà náà, kí n fi tèmi pe ti ọmọ."

Ó fọwọ́ pa orí rẹ̀. "Mi ò gbọ́ ọ rí. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí lẹ́yìn yín. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń jókòó tì í."

Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Èmi ò kàwé tó bẹ́ẹ̀. Mo mọ orúkọ mi, mo mọ orúkọ oògùn mi, mo sì lè ka àkọlé bí wọ́n bá kọ ọ́ gàdàgbà. Dékẹ́mi ló mọ̀wé. Kò sí bébà nílùú wa mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ní kí a má gé igi, nítorí náà ohùn ni àwọn òǹkọ̀wé wa fi ń kọ̀wé. Ọ̀sán ni Dékẹ́mi máa ń sọ tirẹ̀ sínú Àká. Bó bá dìrọ̀lẹ́, mo gbé ẹ̀gúsí kalẹ̀, mò ń bó o, òun á sì jẹ́ kí n gbọ́ èyí tó sọ lọ́jọ́ náà. Ìtàn àdúgbò wa ni, ti ìgbà tí omi kọ́kọ́ wọlé. Ó pè é ní *Ojúlé Wa Lábẹ́ Ọ̀sà*. Ó ti parí rẹ̀, ìparí nìkan ni kò tíì jẹ́ kí n gbọ́, nígbà tí ibà gbé e lọ. Ìbídùn ò tíì ká eyín.

Láti ìgbà náà, bí ọyẹ́ bá ti dé, mo máa ń wá síbí, kí n jókòó sórí òkúta yìí, kí n gbọ́ ohùn ọmọ mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá dé ibi tí ẹ̀gúsí tán lọ́jọ́ tó kẹ́yìn yẹn, màá ní, "Ó tó." Túnráyọ̀ rò pé ó ń rẹ̀ mí ni. Kò rẹ̀ mí. Bí mo bá gbọ́ ọ tán, kí ló tún kù tí ọmọ mi fẹ́ bá mi sọ?

Mo kúnlẹ̀. Ẹ rí i, mo kúnlẹ̀ fún irin. Mo ní, "Olùgbọ́, ìwọ náà, ṣàánú mi. Gba mẹ́fà."

"Ẹnu kan ló kù," ni ó wí.

Mo fi ọwọ́ lù ú. Mo lù ú títí ọwọ́ fi ń ta mí. Túnráyọ̀ gbá mi mú láti ẹ̀yìn, òun náà ń sọkún. "Màmá, oòrùn ti ń lọ. Iná oòrùn ló ń gbé e ṣiṣẹ́ báyìí, odò ti fà. Ẹ wo ilà iná yẹn, ó ti ń kéré. Ẹ pe nǹkan kan. Bí ó bá kú mọ́ yín lẹ́nu, méjèèjì ló lọ."

Mo dìde. Mo rí oòrùn tó jókòó sórí òkè kejì, pupa, eruku ọyẹ́ ti bo ojú rẹ̀. Mo ní kí n pe orúkọ ọmọ mi. Mo gbìyànjú rẹ̀. Ẹnu mi ti là fún un. Èémí tí Ìbídùn ń mí lórí fóònù ni mo gbọ́ ní etí mi.

"Ìwé àwọn ọmọ tó dábùú," ni mo wí.

"Kí ló ṣe fún ọ?"

"Ó fún mi ní Ìbídùn. Nígbà tí Dékẹ́mi fẹ́ bí i, bí òun náà ṣe dábùú nìyẹn, bí ìtì igi tó há sójú omi. Kò sí ọwọ́ ẹ̀rọ nígbà náà. Ìyá Sọpẹ́ ń gbọ́ ìwé náà, ó sì ń ti ọmọ. Ó ní kí n di èjìká Dékẹ́mi mú. Mo rí ọmọ náà tó yí lábẹ́ awọ ikùn ìyá rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ibi tó rọ̀ lórí ẹní. Dékẹ́mi bú mi, ó bú Ìyá Sọpẹ́, ó bú bàbá ọmọ. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín. Ohun tó ṣe fún mi nìyẹn."

Iná di àwọ̀ ewé.

Lára ògiri níbi tí orúkọ àwọn ìwé wà, ọ̀kan di pupa. Àkọlé gàdàgbà ni. Mo lè kà á: ti Dékẹ́mi ni.

Túnráyọ̀ nu imú. "Màmá, ẹ ní ìdágbére. Ìwé tó bá ń lọ, òfin ní kó ka ara rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ níwọ̀n tí iná bá tó. Àmọ́ Bàbá ò tíì pe tiwọn."

"Jẹ́ kí Ìyá Dékẹ́mi gbọ́ ọmọ rẹ̀," ni Bàbá Lájídé wí. "Tèmi ò gbà ju ìgbà tí èèyàn fi ń sín lọ."

"Bàbá, bí iná bá tán kí ẹ tó pè é—"

"Mo ní kó gbọ́ ọmọ rẹ̀."

Mo jókòó sórí òkúta mi. Túnráyọ̀ bi mí pé níbo ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ, ẹ wò ó. Ìbẹ̀rẹ̀ ni mo mọ̀, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ojú rẹ̀, mo fẹ́ tún gbọ́ ọ. Àmọ́ iná ò tó méjèèjì. Mo ní, "Ibi tí mo máa ń dúró sí. Kó ti ibẹ̀ lọ."

Ohùn Dékẹ́mi jáde. Ó fẹ́lẹ́, ó yára, bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀.

"*Nígbà tí omi dé orí àtẹ̀gùn wa,*" ló ní, "*ọkọ̀ Àyọ̀ká nìkan ló kù tó ń ná àdúgbò. Kì í kan ilẹ̀kùn. Láti ìkóríta lo ti máa gbọ́ ọ: 'Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín o! Omi ń bọ̀ wá kí yín, kò sì mú nǹkan kan lọ́wọ́!' Ó ń gbé èèyàn, ó ń bú èèyàn. Ó sọ fún tísà wa pé ìdí rẹ̀ wúwo ju ìwé tó kà lọ…*"

Mo gbọ́ ìró kan lẹ́yìn mi. Bàbá Lájídé ti jókòó sílẹ̀ nínú eruku, aṣọ funfun ọjọ́ ìpè-ìwé tó wọ̀, kò bìkítà.

"Àyọ̀ká nìyẹn," ló ní. "Àyọ̀ká tèmi. Bó ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an nìyẹn."

Ìyàwó rẹ̀ ni. Ọ̀sà gbé òun àti ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tó padà lọ gbé àwọn tó kù. Kò sí àwòrán rẹ̀ kan, kò sí aṣọ. Ọkùnrin náà ti ń fi àwàdà bò ó láti ìgbà náà.

"Ẹ ò sọ fún mi pé ó wà níbẹ̀," ló wí fún mi.

"Èmi náà ò dé ibẹ̀ rí."

Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ìdí tísà! Ó sọ ọ́! Mo ní kó má sọ ọ́, ó sọ ọ́!"

Nígbà náà ni Túnráyọ̀ ké. "Màmá! Ilà iná!"

Ilà náà ti kù bí èékánná. Túnráyọ̀ ń wo èmi, ó ń wo Bàbá. Kò fẹ́ sọ ọ́, ó sì sọ ọ́. "Kò lè ka èyí tó kù tán kó tún gba ẹnu. Ọ̀kan ni. Bí Bàbá bá fẹ́ pe ìwé yìí, wọ́n ti ní ohun tí wọ́n lè sọ báyìí. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ dá a dúró."

Bàbá Lájídé dìde, ó ń gbọ̀n eruku kúrò lára. "Mi ò ní bẹ̀ yín," ló ní. "Ọmọ yín ni. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ parí, màá jókòó tì yín."

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, Dékẹ́mi ò dúró. Ó ń lọ.

"*Àyọ̀ká fi àjẹ̀ di ọkọ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó ní, 'Ìyá Dékẹ́mi, ṣé ẹ ń bọ̀ ni àbí ẹ ò bọ̀?' Omi ti dé ìbàdí ìyá mi. Fìtílà bàbá mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò jẹ́ kó tutù. Ó wo inú ilé. Ó wo èmi tí mo ti jókòó sínú ọkọ̀…*"

Èmi, mo máa ń rántí nǹkan. Bi mí léèrè ohun tí wọ́n sè lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, màá sọ ọ́. Bi mí ní orúkọ àwọn tó ṣubú lórí òkè yìí, màá kà wọ́n. Àmọ́ ohun tí mo sọ lẹ́nu ọ̀nà ọjọ́ yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n. Omi gbé e lọ kúrò lórí mi. Mo ti wá a, wá a. Dékẹ́mi wà níbẹ̀, ó gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara rẹ̀, ó sì fi sínú ìwé.

"*…ìyá mi gbọn omi kúrò lójú,*" ni ọmọ mi wí, "*ó dá Àyọ̀ká lóhùn, ó ní—*"

"Ó tó," ni mo wí.

Ohùn náà dákẹ́. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi kí n má baà ní kó tún bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Lájídé ti dé iwájú Olùgbọ́. Ó pe orúkọ ìwé náà. Ó pè é dáadáa, láìgbé àwàdà sí i.

"Kí ló ṣe fún ọ?"

"Ìyàwó mi tún bú èèyàn létí mi lónìí," ló ní. "Mo ti gbàgbé bí ohùn rẹ̀ ṣe ń lọ sókè lórí 'ẹsẹ̀' yẹn. Mo ti gbàgbé, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni."

Iná ojú ẹ̀rọ náà ń ṣẹ́jú. Ó pọ́n díẹ̀, ó pọ́n sí i. Oòrùn ti fi ìdajì ara sẹ́yìn òkè. Mo rántí ìwé oyin yẹn, mo rántí gbogbo irọ́ tí ọkùnrin yìí ti pa, mo ní ó ti parí. Túnráyọ̀ di ọwọ́ mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára.

Ó di àwọ̀ ewé. Ó fẹ́lẹ́, bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ náà kú, ògiri ṣókùnkùn, àwa mẹ́ta dúró síbẹ̀ nínú eruku.

"Ẹ̀yin náà rí i?" ni mo bi wọ́n.

"Mo rí i, Màmá," ni Túnráyọ̀ wí. "Àwọ̀ ewé ni."

Bàbá Lájídé fi àgbádá nu ojú. "Àwọn ọlọ́pọ́n ayò máa pa mí," ló ní. "Ẹ ẹ́ fi mí pa mọ́ sílé yín."

Fóònù tún ké.

"Màmá," ni Ìbídùn wí, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹ̀rọ ní òun ṣì máa mọ̀ ọ́n yí lọ́la. Màmá, kí lẹ ṣe? Ìwé ìyá mi ńkọ́?"

Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Ó kàn mí létè.

"Ó wà níbẹ̀," ni mo wí. "Fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí o sinmi, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Ìyá rẹ ṣì ní ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ bá mi sọ."